Ìlò Ẹ̀rọ Ìwọn-Ọ̀rinrin Aláìlo-Wáyà fún Ṣíṣọ́ Omi Lò nínú Ọgbà Ìlú: Erékùṣù Èkó àti Ìsàlẹ̀ Èkó

1. Ìfáárà

Àwọn tí ń sọ ìtàn Ìgá Ìdúngànrán kì í gbàgbé láti fi kún un pé oko ata Arómirẹ́ ni ilẹ̀ náà kí ó tó di ààfin ọba. Bí ìtàn náà bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé bíbomi rin ohun ọ̀gbìn kì í ṣe iṣẹ́ àjèjì ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ohun tí ó yí padà ni ibi tí omi náà ti ń wá àti iye ènìyàn tí ń du ú. Ọgbà kò pọ̀ ní Erékùṣù Èkó lóde òní. Freedom Park wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 2010 lórí ilẹ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ní Broad Street. Àwọn ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gbin koríko àti òdòdó sí lẹ́bàá títì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti àgbàlá ilé ìfowópamọ́, ilé ìjọsìn àti ilé iṣẹ́ ìjọba. Gbogbo wọn kéré. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo wọn ni ó ń fẹ́ omi, ní àdúgbò tí àwọn ará ilé fúnra wọn ti ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì.

Bébà yìí dá lórí ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń rì mọ́ ilẹ̀ láti mọ iye omi tí ó wà nídìí gbòǹgbò, tí ó sì ń fi ìgbì rédíò rán ohun tí ó bá wọ̀n sí ẹni tí ń tọ́jú ọgbà. Sẹ́ńsọ̀ ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é. Ẹ̀rọ ìwọn-ọ̀rinrin ni orúkọ tí bébà yìí yóò máa lò. Èrò tí ó wà nídìí àlàyé náà ni pé ẹ̀rọ yìí lè gba omi púpọ̀ là ní Erékùṣù Èkó, ṣùgbọ́n iyanrìn erékùṣù náà àti iyọ̀ tí ó wà nínú omi rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ bí ìwé tí ó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ṣe sọ. Ẹni tí ó bá rà á, tí ó rì í mọ́lẹ̀, tí ó sì gba ohun tí ó bá sọ gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò, lè pa koríko rẹ̀.

2. Omi Ìjù àti ẹni tí ó ń sanwó rẹ̀

Ìtàn omi Èkó ni ó fi hàn bí omi òdòdó ṣe lè di ọ̀ràn ìlú. Kànga ni Ìsàlẹ̀ Èkó ń lò kí ìjọba amúnisìn tó gbèrò láti fa omi wá láti odò Ìjù, ní ọ̀nà tí ó ju 20 kìlómítà lọ sí ìhà àríwá. Ní ọdún 1908, nígbà tí ìjọba Gómìnà Walter Egerton fẹ́ kí àwọn ará ìlú máa san owó lórí omi náà, ìlú fárígá. Àwọn dókítà méjì, John Randle àti Orísàdípẹ̀ Ọbasá, dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní ọdún náà láti ta ko ètò yìí. Iṣẹ́ omi Ìjù bẹ̀rẹ̀ ní 1910, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ di gbígba owó omi ní 1916, rògbòdìyàn tún bẹ́ sílẹ̀. Ẹjọ́ tí àwọn ará ìlú ń rò kò ṣòro láti lóye. Kànga wọn ń tó wọn lò. Àwọn òyìnbó ni ó ń fẹ́ omi ẹ̀rọ. Èé ṣe tí wọn yóò fi fa owó rẹ̀ yọ lápò tiwọn?

Ilé iṣẹ́ omi Adíyàn, tí wọ́n ṣí ní 1991 pẹ̀lú agbára láti pèsè 70 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù lóòjọ́, ti kún Ìjù lọ́wọ́ láti ìgbà náà. Síbẹ̀, omi ẹ̀rọ kì í dé ọ̀pọ̀ ilé ní Erékùṣù Èkó déédéé. Bọ́ọ̀hóò, táńkà àti ọmọlanke àwọn mẹ́ruwà ni ó dípò rẹ̀. Nítorí náà, bí táńkà kan bá dúró lẹ́bàá títì, tí ó ń da omi sí koríko títí omi fi ń ṣàn wọ gọ́tà, ẹni tí ó ru kẹ́ẹ̀gì kọjá kò ní wò ó bí ẹwà ìlú. Yóò bi ara rẹ̀ pé ta ni omi náà tọ́ sí. Àwọn tí ń tọ́jú ọgbà kò sì ní èsì tí ó dájú láti fún un, nítorí pé wọn kì í wọn iye tí ilẹ̀ gbà.

3. Iyanrìn àti ìṣirò omi inú rẹ̀

Iyanrìn tí òkun àti ọ̀sà kó jọ ni Erékùṣù Èkó. Apá kan rẹ̀ sì jẹ́ irà tí wọ́n fi iyanrìn dí. Iyanrìn kì í gba omi dúró. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ èyí, ṣùgbọ́n ìṣirò ni yóò fi hàn bí ó ti tó.

Ìwọ̀n méjì ni ó ṣe pàtàkì. Èkíní ni iye omi tí ó ṣẹ́kù nínú ilẹ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti mu àmuyó, tí èyí tí kò lè dá dúró sì ti ro sísàlẹ̀ tán. Ìwọ̀n àmuyó ni ó yẹ láti pè é. Èkejì ni ìwọ̀n ìrọ: ibi tí omi yóò ti kéré dé tí gbòǹgbò kò fi ní lè fà á mọ́, tí ewé yóò sì máa rọ. Omi tí ó wà láàárín méjèèjì nìkan ni ó wúlò fún ohun ọ̀gbìn. Nínú iyanrìn pọ́ńbélé, ìwọ̀n àmuyó sábà máa ń jẹ́ bí ìdá 10 nínú 100, ìwọ̀n ìrọ sì jẹ́ bí ìdá 4. Ìdá 6 péré ni ó wúlò. Ilẹ̀ tí amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ lè ní ìlọ́po méjì ìyẹn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ká ní pápá koríko kan gùn ní mítà 50, ó sì fẹ̀ ní mítà 20, tí gbòǹgbò koríko rẹ̀ sì wọlẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 20. Bí ìdá 6 nínú 100 bá ni omi tí ó wúlò, gbogbo omi tí pápá náà lè fi pamọ́ fún koríko kò ju 12,000 lítà lọ. Àwọn olùtọ́jú ọgbà kì í dúró kí omi náà tán pátápátá. Bí ó bá ti dé ìdajì, wọn yóò bomi rin ín. Àyè tí ó ṣófo nínú ilẹ̀ ní àsìkò náà jẹ́ 6,000 lítà. Bí táńkà tí ó gbé 10,000 lítà bá wá tú gbogbo ẹrù rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, 4,000 lítà yóò ro kọjá gbòǹgbò lọ, kò sì sí ohun ọ̀gbìn tí yóò rí i lò. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tí ó tó 160 ni ìyẹn, ní ìbomirin ẹyọ kan, láìka èyí tí ó ṣàn wọ gọ́tà.

Ìṣirò yìí kan náà fi ohun mìíràn hàn. Bí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bá ń fa omi tí ó jìn ní mìlímítà 4 kúrò nínú pápá náà lóòjọ́, 4,000 lítà ni yóò máa lọ lójúmọ́. 6,000 lítà kò ní tó ọjọ́ méjì. Ní oṣù Kejìlá àti Kìíní, nígbà náà, ẹ̀rọ ìwọn-ọ̀rinrin kò ní sọ fún olùtọ́jú ọgbà pé kí ó sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí yóò sọ ni pé kí ó máa da díẹ̀, kí ó sì tètè padà wá. Ibi tí ó ti ń gba omi là ni iye tí wọ́n ń dà lẹ́ẹ̀kan. Èyí yàtọ̀ sí ilẹ̀ amọ̀, níbi tí èrè ẹ̀rọ náà ti máa ń wá láti inú ọjọ́ tí wọ́n fò.

Nígbà òjò, ọ̀rọ̀ yí padà. Òjò Èkó ní orí méjì: ó máa ń pọ̀ jù ní oṣù Kẹfà, ó máa ń dá díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, a sì tún padà ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Ní oṣù Kẹfà, ojú lásán tó láti mọ̀ pé kò yẹ kí ènìyàn bomi rin ohunkóhun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó bá ń wo kàlẹ́ńdà nìkan lè ṣe é. Ìdákẹ́ oṣù Kẹjọ ni ó le. Ojú ọ̀run a ṣú, afẹ́fẹ́ a tutù, ojú ilẹ̀ a dà bí ẹni pé ó rin, síbẹ̀ iyanrìn lè ti gbẹ ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí ìsàlẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ojú ilẹ̀ a gbẹ pátápátá nígbà tí omi ṣì wà nísàlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ojú ènìyàn kò lè dá èyí mọ̀. Ibí yìí ni ẹ̀rọ náà ti wúlò jù.

Ní Yunifásítì Florida ní Amẹ́ríkà, Bernard Cardenas-Lailhacar, Michael Dukes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dán irú ẹ̀rọ yìí wò lórí koríko ní Gainesville ní 2004 àti 2005. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ iyanrìn bíi ti Èkó, òjò sì pọ̀ ní àsìkò tí wọ́n fi ṣe é. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008, ibi tí ẹ̀rọ ń darí lo omi tí ó dín ní ìdá 72 nínú 100, ní ìpíndọ́gba, sí ibi tí wọ́n ń bomi rin ní ọjọ́ méjì tí wọ́n dá lọ́sẹ̀ láìka òjò sí. Iye yìí ni àwọn oníṣòwò ẹ̀rọ fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé e wá sí Èkó ní odindi. Òjò ni ó pèsè èyí tí ó pọ̀ jù nínú èrè náà. Ẹ̀rọ náà kàn mọ ìgbà tí òjò ti ṣe iṣẹ́ tán ni. Ní àárín ọyẹ́ ní Èkó, kò sí òjò tí yóò ṣe iṣẹ́ náà.

4. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń wọn omi

Ọ̀nà tí ó dájú jù láti mọ omi inú ilẹ̀ ni ọ̀nà àtijọ́: kí wọ́n bu ilẹ̀, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n fi sínú ààrò iná mànàmáná tí ó gbóná dé 105 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún wákàtí 24, kí wọ́n sì tún un wọ̀n. Ohun tí ó dín kù ni omi. Ọ̀nà yìí kì í purọ́, ṣùgbọ́n ó ń gba ọjọ́ kan, ó sì ń ba ilẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀rọ ìwọn-ọ̀rinrin ń gba ọ̀nà mìíràn. Kò rí omi rárá. Agbára iná ni ó fi ń mọ̀ ọ́n. Ohun kọ̀ọ̀kan ní bí ó ṣe ń gba agbára iná mọ́ra tó, àwọn onímọ̀ físíìsì sì ní nọ́ńbà fún un. Nọ́ńbà afẹ́fẹ́ jẹ́ 1. Ti iyanrìn gbígbẹ jẹ́ bí 3 sí 5. Ti omi jẹ́ nǹkan bí 80. Ìyàtọ̀ yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé omi díẹ̀ tí ó bá wọ inú iyanrìn yóò yí nọ́ńbà gbogbo ilẹ̀ náà padà. Ẹ̀rọ náà a máa ní eyín méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n ń kì bọ ilẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá kì fọ́ọ̀kì bọ iṣu. Iná díẹ̀ a gba àárín eyín náà, ẹ̀rọ a sì wo bí ilẹ̀ tí ó wà láàárín wọn ṣe gbà á mọ́ra. Ní 1980, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Kánádà, Topp, Davis àti Annan, tẹ ìlànà ìṣirò kan jáde tí ó so nọ́ńbà yìí pọ̀ mọ́ iye omi inú ilẹ̀. Ìlànà náà ni ó la ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà lọ́jà lóde òní.

Ìwé tí ó ń bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá sábà máa ń sọ pé ó lè fi ìdá 3 nínú 100 ṣì í sókè tàbí sísàlẹ̀. Ó dún bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ìdá 6 ni gbogbo omi tí ó wúlò nínú iyanrìn. Àṣìṣe ìdá 3 jẹ́ ìdajì rẹ̀. Bí omi bá wà ní ìdá 7, èyí tí í ṣe ibi tí ó yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìbomirin, ẹ̀rọ náà lè kà á sí ìdá 10, kí ó ní ilẹ̀ ti mu àmuyó. Ó sì lè kà á sí ìdá 4, kí ó ní koríko ti ń rọ. Ẹ̀rọ tí ó dára tó fún ilẹ̀ amọ̀ lè di ẹ̀rọ tí kò wúlò ní Ìsàlẹ̀ Èkó bí wọn kò bá fi ààrò àti òṣùwọ̀n tún un ṣe pẹ̀lú iyanrìn ibẹ̀ gan-an. Ààrò àtijọ́ náà, nígbà náà, kò tíì kúrò nínú iṣẹ́.

5. Ọ̀rọ̀ iyọ̀

Omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìn ní Erékùṣù Èkó, ọ̀sà sì yí i ká. Bí pọ́ǹpù bá ń fa omi dídùn lágbárajù, omi iyọ̀ a wọlé láti ẹ̀gbẹ́ dípò rẹ̀. Olúwarẹ̀ lè máa rò pé òun ń lo omi bọ́ọ̀hóò láti dá omi Ìjù sí, kí ó jẹ́ pé omi tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń fi fọṣọ ni ó ń sọ di oníyọ̀.

Iyọ̀ a tún máa tan ẹ̀rọ náà jẹ. Omi oníyọ̀ ń jẹ́ kí iná gba inú ilẹ̀ kọjá ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ̀rọ tí kò bá dára tó, pàápàá àwọn olówó pọ́ọ́kú, a sì kà á sí pé omi pọ̀. Ilẹ̀ tí ó gbẹ a wá dà bí èyí tí ó rin. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń wọn bí iná ṣe ń gba inú ilẹ̀ kọjá lọ́tọ̀, kí ẹni tí ń kà á lè yọ ti iyọ̀ kúrò. Irú wọn ni ó yẹ fún erékùṣù yìí, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ ga.

Ẹ̀gbẹ́ kejì wà tí àwọn olùfẹ́ ìṣọ́-omi-lò kì í fẹ́ gbọ́. Bí wọ́n bá ń fi omi oníyọ̀ díẹ̀ bomi rin ọgbà, koríko yóò mu omi, iyọ̀ yóò sì ṣẹ́kù sídìí gbòǹgbò. Bí wọ́n bá wá ń da kìkì iye tí koríko lè mu, tí ohunkóhun kò ro kọjá, iyọ̀ náà yóò máa gun ara wọn títí yóò fi pa koríko. Nítorí náà, díẹ̀ nínú omi tí ìṣirò ìsọ̀rí kẹta pè ní omi ìsọnù a máa ṣe iṣẹ́ kan: ó ń fọ iyọ̀ lọ sísàlẹ̀. Ní Èkó, òjò oṣù Kẹfà ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, ẹni tí ó bá ń lo bọ́ọ̀hóò gbọ́dọ̀ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún un.

6. Ìròyìn láìlo wáyà

Wíwa ilẹ̀ láti ri wáyà mọ́lẹ̀ kò rọrùn ní ibi tí páìpù omi, wáyà iná àti gọ́tà ti kún abẹ́ títì. Ìdí nìyí tí ìgbì rédíò fi wúlò. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní bátìrì tirẹ̀. Ó ń sùn lọ́pọ̀ ìgbà, a jí ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a wọn ilẹ̀, a fi nọ́ńbà díẹ̀ ránṣẹ́, a sì tún sùn. Nítorí oorun rẹ̀ ni bátìrì kan ṣe lè lo ọdún mélòó kan. Ọ̀nà ìránṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní LoRa, tí ilé iṣẹ́ Cycleo ṣe ní ilẹ̀ Faransé kí Semtech ti Amẹ́ríkà tó rà á ní 2012, ni ó gbajúmọ̀ jù fún irú iṣẹ́ yìí, nítorí pé ó ń gbé ọ̀rọ̀ kúkúrú lọ jìnnà pẹ̀lú agbára kékeré. Ní pápá gbalasa, ó lè lọ dé kìlómítà mélòó kan. Láàárín ilé Ìsàlẹ̀ Èkó tí ó fún mọ́ra, tí páànù bo òrùlé wọn, kò ní lọ tó bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ tútù pàápàá a máa gbé ìgbì rédíò mì. Apá tí ń wọn ilẹ̀ ni wọ́n ń rì. Éríà gbọ́dọ̀ wà lókè. Ẹ̀rọ tí ń gba ìròyìn yẹ kí ó wà lórí ilé alájà tí ó ga ju àwọn tí ó yí i ká lọ, kí ó ní bátìrì àti ohun tí ń fi oòrùn ṣe iná, nítorí pé iná mànàmáná lè lọ nígbàkigbà. Láti ibẹ̀, ìkànnì tẹlifóònù alágbèéká yóò gbé e dé ọwọ́ ẹni tí ó ni ín. Ní ti olè, éríà tí ó bá yọrí láàárín òdòdó yóò fa ojú mọ́ra. Wọ́n á fi pamọ́ sínú òpó iná ọgbà tàbí sábẹ́ àga ìjókòó.

7. Ẹni tí yóò gbọ́ ìròyìn náà

Ní Florida, ẹ̀rọ ni ó ń ti omi fúnra rẹ̀. Ní Erékùṣù Èkó, ènìyàn ni ó ń di rọ́bà omi mú ní ọ̀pọ̀ ibi, táńkà ni ó sì ń gbé omi wá. Ríra ẹ̀rọ tí yóò ti fáàfù nígbà tí kò sí fáàfù jẹ́ owó òfò. Ohun tí ó yẹ ni kí ìròyìn dé ọ̀dọ̀ olùtọ́jú ọgbà ní èdè tí ó yé e, kí ó tó pe táńkà.

Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ èyí jù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ní Mòsáńbíìkì, Tàǹsáníà àti Sìm̀báábúwè, níbi tí ètò kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2013 ti fún wọn ní ẹ̀rọ Chameleon, tí Richard Stirzaker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní CSIRO ti Ọsirélíà ṣe. Ẹ̀rọ náà kì í sọ nọ́ńbà fún àgbẹ̀. Iná ni ó ń tàn: búlúù bí ilẹ̀ bá rin, àwọ̀ ewé bí ó bá wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì, pupa bí ó bá gbẹ. Ó ń wọn ilẹ̀ ní ìjìnlẹ̀ tí ó ju ọ̀kan lọ, tí àgbẹ̀ fi lè rí i bí omi bá ti ro kọjá gbòǹgbò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dín iye ìgbà tí wọ́n ń bomi rin oko kù nígbà tí wọ́n rí i pé búlúù ni iná ìsàlẹ̀ ń tàn nígbà gbogbo. Ìmọ̀ náà di tiwọn. Kò sí ẹni tí ó pàṣẹ fún wọn.

Èyí ṣe pàtàkì ní Èkó fún ìdí kan tí kò jẹ mọ́ ẹ̀rọ. Bí owó olùtọ́jú ọgbà bá so mọ́ iye ìgbà tí ó bomi rin, tí owó onítáńkà sì so mọ́ iye ẹrù tí ó gbé wá, ẹ̀rọ tí ń sọ pé “ó tó” di ọ̀tá àwọn méjèèjì. Wọn kò ní bà á jẹ́ dandan. Wọn kàn lè má kà á. Àdéhùn iṣẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ yí padà kí ẹ̀rọ tó wọlé, kí owó lè máa tẹ̀lé bí koríko ṣe rí.

Fún ọgbà tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ mẹ́ta tó fún pápá koríko kan: ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà 10, ọ̀kan ní 20, ọ̀kan ní 40. Ti 40 kò sí fún koríko rárá. Òun ni yóò sọ bí omi ṣe ń sọnù tó. Oṣù Kẹwàá ni ó yẹ kí wọ́n rì wọ́n, kí òjò tí ó kẹ́yìn lè fi ìwọ̀n àmuyó ilẹ̀ náà gan-an hàn, kí wọ́n sì bu iyanrìn lọ sínú ààrò ní ọjọ́ tí òjò dá àti ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀. Títí di oṣù Kejìlá, kí ẹnikẹ́ni má yí iṣẹ́ rẹ̀ padà nítorí ẹ̀rọ náà. Kí olùtọ́jú ọgbà máa bomi rin bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí ó máa kọ iye lítà tí táńkà gbé wá sílẹ̀, kí ẹ̀rọ tí ó wà ní sẹ̀ǹtímítà 40 sì máa kọ tirẹ̀.